Abọ́ Iyọ̀ àti Wasáàpù Àwọn Aláboyún

Àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn aláboyún wa sá jáde, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Nọ́ọ̀sì Bọ́ládé pè mí láti inú yàrá tí a ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó jókòó ti fóònù ńlá tí wọ́n fún ilé ìwòsàn wa, ojú rẹ̀ fà ro.

"Màmá, ẹ wá wò ó. Wọ́n ń lọ."

Mo yọjú lójú fèrèsé. Ewúrẹ́ kan ló wà níta, kò sì lọ síbi kankan.

"Àwọn wo ló ń lọ?"

"Àwọn aláboyún. Inú fóònù níbí ni wọ́n ti ń lọ."

Mo fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, mo wá wò ó. N kò lè ka ohun tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ń yọ lábẹ́ ara wọn, bí èèrà tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Nọ́ọ̀sì ń kà á fún mi: lágbájá ti jáde, lámọrín ti jáde. Nígbà tí ó kan orúkọ Fúnmi, ó gbé fóònù kalẹ̀. Nínú gbogbo wọn, Fúnmi ni ẹni tí a kò gbọdọ̀ pàdánù.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín.

Ọmọ Òṣogbo ni mí. Bàbá mi ń rán fìlà, ìyá mi ń ta ẹní. Mo lọ ilé kéú, mo sì lọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n tó ní kí n wá jókòó ti ẹní. Ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà kan tó máa ń wá ra fìlà lọ́dọ̀ bàbá mi ló fẹ́ mi, ó mú mi lọ sí ìlú kékeré kan lẹ́yìn Ọ̀tan-Ilé. N kò ní dárúkọ ìlú náà, nítorí àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí ṣì ń ná ọjà níbẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, wọ́n ń pe iṣu ní usu, wọ́n ń pe ilé ní ulé, mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nígbà tó yá, tí mo bá wọ Òṣogbo, àwọn àbúrò mi a ní, "Ará Ìjẹ̀ṣà ti dé o, ẹ bá a wá usu."

Nígbà tí ọmọ mi tó kéré jù bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, mo rí iṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà nílùú náà. Àtẹ́ńdáǹtì ni wọ́n ń pè wá. Àtẹ́ńdáǹtì kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Òun ló ń se àwọn irin iṣẹ́ nínú omi gbígbóná, òun ló ń fọ aṣọ tí wọ́n fi gbẹ̀bí. Tí ìrọbí bá le, òun ló ń di ẹ̀yìn obìnrin mú. Òun náà ló ń lọ bá ọkọ tó ń gbọ̀n níta pé kó lọ wá ibi jókòó sí. Lẹ́yìn gbogbo èyí, orin tún wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kílíníìkì, kí nọ́ọ̀sì tó la ẹnu, orin la fi ń bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo sì ń dá a. Mo máa ń fi orúkọ àwọn obìnrin náà sínú orin lọ́kọ̀ọ̀kan, kí kálukú lè dìde jó díẹ̀, kí ara wọn lè silẹ̀:

Lágbájá jẹ ẹ̀fọ́, ẹ̀fọ́ ń ṣe ara lóore,
Lágbájá jẹ ẹyin, má kó gbogbo rẹ̀ fún ọkọ.

Orin náà máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n a máa ń ti ilẹ̀kùn kí a tó kọ ọ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn sọ́kàn.

Lọ́dọ̀ wa, a kì í pariwo oyún. Ikùn obìnrin lè ti yọ sí gbogbo ayé lójú, kò sẹ́ni tó máa là á sílẹ̀. Wọ́n á ní ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le, wọ́n á sì ṣe àdúrà fún un jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá dúró lójú títì tó ń bi í pé oṣù mélòó ni, a jẹ́ pé wọn kò kọ́ onítọ̀hún nílé. Màmá Adéọlá, àgbà nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó fi iṣẹ́ mọ̀ mí, ló kọ́ mi bí a ṣe ń wá obìnrin tó bá pa kílíníìkì jẹ. Ó gbé abọ́ tánganran kékeré kan lé mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Tí o bá dé ẹnu ọ̀nà wọn, iyọ̀ lo wá tọrọ. Ó di ìgbà tí o bá wọlé tán kí o tó rántí ohun tó gbé ọ wá."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe é. Mo á kí àwọn tó jókòó síta, mo á na abọ́, wọ́n á ní iyọ̀ wà nínú ilé lọ́dọ̀ ìyàwó, kí n wọlé. Inú yàrá ni èmi àti aláboyún á ti sọ̀rọ̀. Láàárín àwa òṣìṣẹ́, iṣẹ́ yẹn kò ní orúkọ mìíràn ju "títọrọ iyọ̀" lọ. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé kò sí bí iyọ̀ ṣe lè máa tán ní ilé ìwòsàn tó bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́. Wọ́n sì ń bu iyọ̀ náà fún mi lóòótọ́. Ó pẹ́ tí n kò ná owó kankan lórí iyọ̀ nílé mi.

Màmá Adéọlá fẹ̀yìn tì, àwọn nọ́ọ̀sì mìíràn wá, wọ́n lọ. Ìgbà tó yá ni Bọ́ládé dé láti Iléṣà. Ọmọdé ni, ó yára, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi rí i pé orúnkún mi ń wú tí mo bá ti ibi títọrọ iyọ̀ dé. Ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ní gbogbo àwọn obìnrin wọ̀nyí ló ní fóònù, a lè kó wọn jọ sójú kan nínú Wasáàpù. Tí abẹ́rẹ́ bá dé, tí ọjọ́ kílíníìkì bá yí padà, ẹ̀ẹ̀kan la ó sọ ọ́, gbogbo wọn á gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi, ó dùn mọ́ orúnkún mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dá gúrúùpù náà sílẹ̀, ó pè é ní "Àwọn Aláboyún Wa", ó wá àwòrán obìnrin tí ikùn rẹ̀ yọ dáadáa, ó fi sórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kílíníìkì, ó gba ohùn mi sílẹ̀ bí mo ṣe ń dá orin, tòun ti orúkọ gbogbo wọn, ó fi ránṣẹ́ sínú gúrúùpù. Àwa méjèèjì jókòó, a ń gbọ́ ọ. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ohùn mi dùn tó bẹ́ẹ̀. Mo ní kó tún un gbé. Kò sí èyí tó rántí ilẹ̀kùn nínú wa.

Wàyí o, Fúnmi. Ìyàwó Kọ́lá ni, ó pẹ́ gan-an nílé ọkọ kí ó tó lóyún. Àwọn èèyàn ti sọ̀rọ̀ títí, Ìyá Kọ́lá tó jẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń gbèjà rẹ̀. Nígbà tí oyún wá dé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Dókítà tó rí i ní Iléṣà kìlọ̀ fún Nọ́ọ̀sì pé kò gbọ́dọ̀ pa kílíníìkì kankan jẹ, nítorí ó lè ṣàdédé di gìrì, tí gìrì náà á sì mú ìyá mú ọmọ. Èyí ló jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ máa kọ́kọ́ jáde nínú orin mi, kó lè mọ̀ pé ojú wa wà lára òun.

Lọ́jọ́ tí ohùn mi dé inú fóònù wọn, Fúnmi ti fi tirẹ̀ sílẹ̀ sọ́jà kó lè gba iná, níbi ìsọ̀ gaàrí Ìyá Kọ́lá. Ó dún. Ìyá Kọ́lá rò pé ọmọ òun ló fi ohùn ránṣẹ́, ó sì tẹ̀ ẹ́. Etí màmá náà kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́, gbogbo fóònù tó bá ti kan ọwọ́ rẹ̀ máa ń ké bíi rédíò ni. Bẹ́ẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin láàárín àwọn oníbàárà: Fúnmi jẹ ẹ̀fọ́, Fúnmi jẹ ẹyin. Mo sì ti kọ́kọ́ kí gbogbo wọn pé ẹ̀yin aláboyún wa, ẹ kú ìtọ́jú ara. Àwọn tó ń ra gaàrí pàtẹ́wọ́. Ìyá Kọ́lá kò pàtẹ́wọ́. Ti ẹlòmíràn ké nínú mọ́tò, ti ẹlòmíràn ké nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Ọjọ́ kílíníìkì tó tẹ̀ lé e, bẹ́ǹṣì ṣófo. Nọ́ọ̀sì ti fóònù mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní òun kò fẹ́ rí i mọ́. Èmi gbé abọ́ mi, mo gba ilé Fúnmi lọ. Ìyá Kọ́lá ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Mo ní, "Ẹ kúulé o, Ìyá Kọ́lá. Iyọ̀ ni mo wá tọrọ."

Ó wo abọ́, ó wo ojú mi.

"Èyí tí ẹ dà sílẹ̀ lọ́jà níjọ́sí ńkọ́? Ẹ ò rí i kó ni?"

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó jẹ́ kí n kàn rí Fúnmi.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ẹ̀yìn mi bo ọmọ yìí mọ́ ẹnu ayé," ni ó wí. "Ẹ̀yin wá fi orin gbé e jáde. Kò sí nílé. Ẹ má sì bèèrè ibi tó lọ."

Mo gbé abọ́ òfìfo padà. Kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí.

Kọ́lá fúnra rẹ̀ ló wá bá wa ní ilé ìwòsàn, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kadà rẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun. Ó ní Fúnmi wà lọ́dọ̀ ìyá tó bí i ní Òṣú, pé ìyá náà ti ní kò ní jáde, kò ní lọ sí ilé ìwòsàn kankan títí di ọjọ́ tó máa bí. Ó ní kí a jọ̀ọ́ má sọ pé òun ló sọ fún wa. Ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ.

Òṣú jìnnà sí wa. Ẹsẹ̀ mi kò lè dé ibẹ̀, ìyá rẹ̀ kò sì mọ̀ mí rí, ta ni yóò bu iyọ̀ fún mi? Mo ro ó títí. Mo wá bá Nọ́ọ̀sì.

"Ṣé ẹnì kan ṣoṣo kò ṣeé bá sọ̀rọ̀ nínú ohun yẹn, bí ìgbà téèyàn ti ilẹ̀kùn?"

"Ó ṣeé ṣe, Màmá."

"Yọ ọ́ jáde, kí o kọ́ mi."

Ó kọ́kọ́ pa gúrúùpù náà rẹ́. Nítorí pé n kò lè ka orúkọ wọn, ó ya àwòrán nǹkan fún mi, ó fi dípò ẹnì kọ̀ọ̀kan: ilá fún ẹnì kan, adìyẹ fún ẹnì kan, ọlọ fún ẹlòmíràn. Abọ́ iyọ̀ mi ló fi fún Fúnmi. Bí wọ́n ṣe ń fi ohùn ránṣẹ́ ló yọ mí lẹ́nu díẹ̀. O máa di àmì kan mú nísàlẹ̀, o máa sọ̀rọ̀, o máa jọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ìka mi kì í dúró. Ẹni tó jẹ́ ọlọ gba ohùn ewúrẹ́ nìkan. Ẹni tó jẹ́ ilá gbọ́ ibi tí mo ti ń bi Nọ́ọ̀sì pé, "Ṣé ó ti ń gbọ́ mi báyìí?" Ó fèsì pé òun ń gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó yọjú sí kílíníìkì.

Sí Fúnmi, ohun tí mo sọ kò ju èyí lọ: "Fúnmi, èmi Màmá ni. Iyọ̀ tán nílé mi. Ṣé ó wà lọ́dọ̀ rẹ?"

Nọ́ọ̀sì fi hàn mí pé àmì kékeré kan ti di aláwọ̀ búlúù, ó ní ó ti gbọ́ ọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò fèsì. Láràárọ̀, tí mo bá gbálẹ̀ tán, mo á tún bèèrè iyọ̀. N kò dárúkọ oyún, n kò dárúkọ ẹ̀jẹ̀ ríru. Nọ́ọ̀sì fẹ́ kí n sọ pé ó léwu. Mo ní kó fi mí sílẹ̀, pé ẹnu ọ̀nà la ṣì wà, wọn kò tíì ní ká wọlé.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, fóònù náà dún. Ohùn Fúnmi ni, ó rẹlẹ̀ bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu.

"Màmá, iyọ̀ wà. Ṣùgbọ́n orí ń fọ́ mi láti àná, ojú mi ń ṣe bàìbàì. Bàtà kò wọ ẹsẹ̀ mi mọ́."

Nọ́ọ̀sì dìde dúró. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó pè é ní èyí tí wọ́n ti ń rí ojú ara wọn. Ojú Fúnmi yọ, ó wú débi pé ẹyinjú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Nọ́ọ̀sì ní kó gbé fóònù sí ojúgun rẹ̀, kó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́, ó yọ ọwọ́, ihò náà dúró síbẹ̀ bí ìgbà téèyàn fi ìka tẹ fùfú. Nọ́ọ̀sì ní wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Iléṣà báyìí-báyìí.

Ni ìyá Fúnmi bá gba fóònù. Iwájú orí rẹ̀ àti àjà ilé nìkan ni a ń rí. Ó ní ọmọ òun kò lọ síbì kankan. Mo ṣẹ́wọ́ sí Nọ́ọ̀sì pé kó gbé e fún mi.

"Ìyá Fúnmi, ẹ kú ìtọ́jú. Èmi ni Màmá tó kọrin."

"Ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni."

"Ohùn yín dára. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ni kò dára."

Mo ní òótọ́ ni, mo sì tọrọ àforíjì. Lẹ́yìn náà ni mo wá sọ ọ́ fún un láìfi bò. Mo ní ohun tó ń ṣe Fúnmi yìí, mo ti di ẹ̀yìn obìnrin tó ń ṣe mú rí, ó sì bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní kó fi ìborùn bò ó, kí wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

"Tí wọ́n bá bi mí ńkọ́?"

"Ẹ ní iyọ̀ lẹ fẹ́ lọ rà."

"Ní Iléṣà?"

"Ti Iléṣà ló dára jù."

Fóònù náà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, a sì rí gbogbo ojú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ojú Fúnmi gan-an ni. Ẹ̀rín kékeré kan fẹ́ yọ níbẹ̀, kò yọ tán. Ó ní, "Ẹ dúró, kí n wá ìborùn."

Nọ́ọ̀sì pe àwọn tó mọ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá náà, ó ní kí wọ́n máa retí wọn. Ó pe Kọ́lá, ó ní kó lọ pàdé wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun tó kù tí a lè ṣe. Mo kí ìrun alaasari, mo jókòó sórí ẹní. Nọ́ọ̀sì gba ìgbálẹ̀ mi, ó ń gbá ibi tí mo ti gbá láàárọ̀. Oòrùn ti ń rọlẹ̀ kí Kọ́lá tó pè. Ó ní wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ, obìnrin ni ọmọ náà, ó kéré, wọ́n gbé e sínú àpótí tó ń mú ara móoru, ìyá rẹ̀ sì ti lajú. Mo ní Alihamudulilahi. Nọ́ọ̀sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ti sọ ọmọ náà lórúkọ tán kí Ìyá Kọ́lá tó yọ sí wa. Ọjọ́ kílíníìkì ni, àwọn aláboyún ti ń padà wá díẹ̀díẹ̀, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó gbé odidi àpò iyọ̀ kan lérí. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀ dún.

Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń tọrọ iyọ̀ kiri, ó yá, ẹ gbà."

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Kálukú wọn ló bu iyọ̀ lọ sílé lọ́jọ́ náà, tí wọ́n bá sì bi wọ́n níbi tí wọ́n lọ, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìyá Kọ́lá kò tíì fẹ́ lọ. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó bi Nọ́ọ̀sì pé níbo ni wọ́n ti ń fi àwòrán ọmọ sí. Bẹ́ẹ̀ ni gúrúùpù tuntun ṣe bẹ̀rẹ̀, ti àwọn tó ti bímọ tí wọ́n sì ti sọmọ lórúkọ. Ìyẹn, ariwo ni kó máa pa. Ìyá Kọ́lá fi àwòrán ọmọ náà síbẹ̀ níbi tó ti ń wẹ̀, níbi tó ti ń yán, níbi tó ti ń sùn, níbi tó tún ti ń sùn, títí Nọ́ọ̀sì fi bẹ̀ mí pé kí n bá òun bá a sọ̀rọ̀, pé dátà ilé ìwòsàn ti fẹ́ tán.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, mo ti padà sí ilé bàbá mi ní Òṣogbo. Abọ́ tánganran yẹn, mo fi lé àtẹ́ńdáǹtì tó gba ipò mi lọ́wọ́, òun náà sì ń fi fóònù tọrọ iyọ̀. Bọ́ládé ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Nígbà mìíràn, ó máa ń pè mí láti inú kíláàsì, á gbé fóònù sókè, mo á rí ọ̀pọ̀ orí kéékèèké tó ń kí mi, "Ẹ káàsán mà." Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé kí ni èèyàn máa kọ́kọ́ mọ̀ nípa fóònù tó bá fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ ìlera. Mo ní kó kọ́kọ́ wá ibi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tí fóònù mi dún. Àwòrán abọ́ kékeré, ti Fúnmi, ló yọ. Ohùn náà rẹlẹ̀ bíi ti ọjọ́sí, bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà lábẹ́ rẹ̀.

"Màmá, ṣé iyọ̀ wà lọ́dọ̀ yín?"

N kò bi í ní nǹkan kan. Mo nu ọwọ́ mi, mo di àmì náà mú dáadáa.

"Ó wà, ọmọ mi. Wọlé."